Ajá Tó Wọ Pápá ní Brisbane

Màmá Dáníẹ́lì kì í gbà kí ènìyàn máa ròyìn ohun tí kò ṣojú rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣojú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Abẹ́òkúta kó tó fẹ̀yìntì, tó sì kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Egan, lẹ́yìn Ìgàndó. Tòún ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, síbẹ̀ ó ṣì máa ń fi bírò pupa sàmì sí àṣìṣe inú ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wọn, á sì dá a padà fún akọ̀wé.

Ilé tó kàn wọ́n ni Àdíját ń gbé. Kóòṣì ni, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ló ń kọ́ ní kírìkẹ́ẹ̀tì ní pápá kan ní Àkẹsán. Láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ogún ọdún ti na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ni àwọn òbí ti ń mú ọmọ wá bá a. Bí ọdún náà ṣe ń parí lọ, ó fẹ́ ṣe ìdíje kékeré kan fún wọn, ó sì fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwọn àgbà yóò ti sọ ìrántí wọn nípa ìfigagbága West Indies àti Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1960. Ó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pàdé. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbá ní ìlú Brisbane, ni àwọn olólùfẹ́ eré náà kò gbàgbé: lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, iye ráànù, ìyẹn àmì ayò kírìkẹ́ẹ̀tì, tí ẹgbẹ́ kan ní gẹ́lẹ́ ni èkejì ní. Títí di ìgbà náà, irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Tòún ti sọ fún Àdíját nígbà kan pé bàbá òun kọ́ àwọn ọmọ ní kírìkẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un. Nítorí náà ni Àdíját ṣe ní kó bá òun dé ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àgbà Olólùfẹ́ Kírìkẹ́ẹ̀tì, tó máa ń pàdé ní kíláàsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sàn-án Sátidé kejì nínú oṣù.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Tòún ti gba ibẹ̀ lọ, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn àti bàtà nínú láílọ́ọ̀nù. Ọkùnrin méje ni òun àti Àdíját bá níbẹ̀. Báyọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́, rò pé ó wá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni. Nígbà tí Àdíját ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, ó sì ní kó bá àwọn pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tòún ṣí kúlà, ó mú Fáńtà kan fún ara rẹ̀, ó jókòó.

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmúsà, tó ń ta pákó ní Ìkòtún, wọ súwẹ́tà funfun tí ọrùn rẹ̀ rí bíi V, tó rà lọ́jà òkìríkà ní Kátángúà. Ó ní kírìkẹ́ẹ̀tì ni òun ń jẹ, kírìkẹ́ẹ̀tì ni òun ń mu. Kò pẹ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ tó rọra bi Báyọ̀dé pé ṣé ènìyàn mọ́kànlá ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan àbí méjìlá. Ẹlòmíràn ń sùn. Nínú àwọn méje, ẹnì kan ṣoṣo ló ti fọwọ́ kan igi kírìkẹ́ẹ̀tì rí, òun náà sì ni wọ́n wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: Zacchaeus Adéríbigbé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí gbogbo wọn ń pè ní Pírínsípà nítorí pé ó ti ṣe olórí ilé-ìwé girama mẹ́ta rí.

Pírínsípà dìde. Ó ní alẹ́ ọyẹ́ ni. Ó ní àwọn ọmọ méjìlá ló yọ́ jáde ní yàrá ìbùsùn ilé-ìwé wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n lọ bá olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́, ní pálọ̀ rẹ̀. Àtùpà wà lórí tábìlì, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní kí Zacchaeus fi etí ti rédíò kó máa tú u fún àwọn yòókù, torí òun ló gbọ́ òyìnbó jù. Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù méjì péré, ajá funfun kan já wọ pápá, ó sì jókòó ti ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù lù. Kò gbà láti dìde. Adájọ́ eré bẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣí fìlà, ó fi fìlà lé e. Ibi ajá yìí ni àwọn ọkùnrin náà ti rẹ́rìn-ín jù, ó sì hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Pírínsípà dúró kí ẹ̀rín wọn rọlẹ̀. Ó wá ní ọmọ West Indies kan ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó lu ọ̀pá gbọn-ín, iye ráànù dọ́gba, Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ sì bú sẹ́kún, ó di òun mọ́ra.

Àmúsà fi apá súwẹ́tà nu ojú.

 Bàbá tó bí Tòún ni Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́. Ajá yẹn náà, òun ló hùmọ̀ rẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni eré náà parí lọ́dọ̀ wọn. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi Kérésì láti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn. Ọmọ ọdún méjìlá ni Tòún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́jà, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Bàbá rẹ̀ jókòó ti rédíò bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nínú ìrẹsì, ó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀, ohùn àwọn ará Ọsirélíà ń wá, ó ń lọ. Nígbà tó kan ìparí, rédíò hó wọ̀ọ̀, àwọn tó ń ròyìn eré náà ń pariwo lu ara wọn. Bàbá rẹ̀ yíjú sí i, ó bi í pé kí ni wọ́n wí. Táì ni Tòún gbọ́. Ó rò pé táì ọrùn ẹnì kan ló sọnù. Ó ní òun ò mọ̀. Bàbá rẹ̀ tún dúró díẹ̀, nígbà tó wá yé e pé ọ̀mì ni wọ́n ń pè ní táì, ó ní irú eré wo lèyí, ó pa rédíò, ó sì lọ bọ́ adìyẹ. Kò sunkún. Tòún kò rí i kó sunkún lórí eré kankan títí tó fi kú.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé padà dé nínú oṣù Kìíní, Tòún sọ ìtàn eré náà fún wọn nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fún un lẹ́pà. Bó ṣe rí gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n sì ń yán. Kí wọ́n má baà lọ ló ṣe fi ajá sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zacchaeus ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá gbọ́ ọ. Nígbà tó wá mọ̀ ọ́n tán, ó ní kí ni ọmọbìnrin mọ̀ nínú kírìkẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún Tòún. Tòún ti gbàgbé ojú ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àgbà tó dúró níwájú rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá yìí kò sì mọ̀ ọ́n sí nǹkan kan ju Màmá Dáníẹ́lì aláṣọ funfun lọ.

Ó gbé Fáńtà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, aago mélòó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀?"

Pírínsípà ní á tó aago mẹ́wàá alẹ́.

Tòún ní wákàtí mẹ́sàn-án ni Brisbane fi ṣáájú wa. Nígbà tí eré yẹn parí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ni l'Ábẹ́òkúta. Ó ní kí ni wọ́n wá ń fi àtùpà ṣe?

 Báyọ̀dé ní ó ṣeé ṣe kí aago ayé ìgbà yẹn yàtọ̀ sí tòde òní. Pírínsípà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń rín sí òbí tí kò kàwé.

"Màmá, ẹ bá wa fi àdúrà ti ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn. Ẹ fi kírìkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wa, jàre."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń sùn. Tòún gbé láílọ́ọ̀nù bàtà rẹ̀, ó jáde.

Inú kẹ̀kẹ́ ni Àdíját ti yẹ fóònù wò tó rí i pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ aago yẹn. Tòún wá sọ ìyókù fún un.  Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgàndó, Àdíját bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní Pírínsípà ló bá òun gba pápá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, òun náà ló ra ife tí àwọn ọmọ máa gbà. Ó ní ìtàn yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí Mọ́mì má dójú ti bàbá arúgbó.

Tòún ní òun kò mọ̀ pé ife ni wọ́n fi ń ra ìtàn báyìí. 

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó múra, ó lọ sílé Pírínsípà ní Ẹ̀sítéètì Gowon. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Pírínsípà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó rántí ojú rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti wá gbàdúrà fún òun nílé ni. Tòún wọlé, ó jókòó, ó ní òun kò mu omi.

"Tòún ni mí, ọmọ Àjíṣafẹ́. Ajá tí ẹ fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín yẹn, inú orí tèmi ló ti jáde."

Pírínsípà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, ṣé Tòún ẹlẹ́pà? Tòún kò rẹ́rìn-ín. Pírínsípà wá ní ajá wà níbẹ̀ jàre, ìwé ìròyìn gbé e. Tòún bi í pé ìwé ìròyìn wo. Ó dárúkọ ọ̀kan. Tòún bi í pé ọjọ́ wo. Ó ní òun kò rántí. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ní láti bí àádọ́ta ọdún ni òun ti ń sọ ọ́. Òun ti sọ ọ́ fún ọmọ ilé-ìwé, òun ti sọ ọ́ fún kọmíṣọ́nà, òun sọ ọ́ fún ìyàwó òun kó tó di olóògbé. Ó ní bí òun bá dijú báyìí, òun ń rí àtùpà yẹn, òun ń gbọ́ òórùn epo rẹ̀. Tòún ní dídì tó dijú yẹn náà ni kò jẹ́ kó rí oòrùn aago mẹ́sàn-án.

Ìgbà yẹn ni Pírínsípà yí ohùn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "o" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré wí.

"Mo wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé wa kò jìnnà sí tiyín. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ń gbọ́ ọ. Mo kanlẹ̀kùn, ìwọ lo ṣí i. O wo ẹsẹ̀ mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán, o ní bàbá rẹ ò fẹ́ ariwo. O sì ti ilẹ̀kùn. Abẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi rédíò tó ń hó."

Tòún ní irọ́ ni. Àmọ́ ó sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Kò rántí pé ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn. Òótọ́ ni pé òun ló ń nu ilẹ̀ pálọ̀ láràárọ̀ nígbà ìsinmi. Òótọ́ sì ni pé láti kékeré ló ti máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn kó tó wo ojú wọn, ìyá rẹ̀ ti bá a wí títí lórí rẹ̀. Ẹni tó sì ń sọ ọ́ yìí, àádọ́ta ọdún ló ti ń parọ́ lórí ọjọ́ kan náà. Kò sí ìwé tó lè ṣí wò, kò sí ẹni tó lè bi. Inú bí i pé òun ló kó ara òun wá síbi tí òun kò ti lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ó dìde. Ó ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kó sọ ti abẹ́ fèrèsé yẹn fún wọn.

"Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó jókòó sábẹ́ fèrèsé?" ni Pírínsípà wí.

Sátidé ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ni ìdíje àwọn ọmọ bọ́ sí. Eruku pupa bo pápá Àkẹsán. Àwọn òbí jókòó lábẹ́ ìbòòrùn kan, àwọn ọmọbìnrin náà to síwájú pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí kò bára mu. Ẹgbẹ́ Àgbà pé, Àmúsà wọ súwẹ́tà nínú ooru yẹn. Tòún wà ní ìlà kejì. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ ohunkóhun àfi bí wọ́n bá tún dárúkọ àtùpà.

Wọn kò dárúkọ àtùpà. Pírínsípà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, ó wá ṣe àlàyé fún gbogbo ènìyàn pé wákàtí mẹ́sàn-án ni Brisbane fi ṣáájú wa, ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ni kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn méjìlá tó ku ìdánwò kan fún ni kò tíì lọ sílé. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ olùkọ́ wọn, ń gbé tíì fún wọn. Ajá já wọ pápá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi fi bọ́ lójú wọn. Olùkọ́ sunkún, ó di òun mọ́ra. Lẹ́yìn èyí ló nawọ́ sí ìlà kejì, ó ní ọmọ tó gbé tíì fún àwọn lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó wà láàyè, ó wà láàárín wa lónìí. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá fún un.

Tòún di ẹ̀rọ náà mú. Ó rí Àdíját tó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ pé kó má sọ nǹkan kan. Ojú Pírínsípà le koko bí ti ẹni tó ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe.

"Ẹ kú ìjókòó. Èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú yàrá yẹn. Kò sí tíì. Kò sí ọmọ ilé-ìwé kankan. Kò sí ajá, èmi ni mo fi ajá sí i nítorí ẹ̀pà. Rédíò ń hó, bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n wí, mi ò mọ̀. Ó lọ bọ́ adìyẹ."

Ó rò ó láti fi ti ọmọkùnrin abẹ́ fèrèsé kún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá a lójú, kì í sì í sọ ohun tí kò dá a lójú.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Princess nawọ́ sókè, ó bèèrè pé ta ló wá borí. Tòún ní kò sẹ́ni tó borí.

"Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Mà?"

Tòún ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Princess ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ gbá tàwọn, tàwọn kò ní ju wákàtí méjì lọ. Wọ́n sáré wọ pápá. Àmúsà wo Tòún bí ẹni tó já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Pírínsípà ń wo orí bàtà rẹ̀. Tòún ti rò pé inú òun máa dùn. Ó jókòó, ó rí i pé kò dùn tó bí òun ṣe rò, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun tilẹ̀ retí rẹ̀.

Nígbà tí ìwé pẹlẹbẹ náà jáde, Àdíját fi ti àwọn méjèèjì sí i. Ti Pírínsípà gba ojú ewé méjì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ti Tòún jẹ́ ìlà mẹ́fà nísàlẹ̀, wọ́n sì ṣi jọ́gíráfì, iṣẹ́ tó fi kọ́ àwọn ọmọ, kọ. Pírínsípà kò lọ sípàdé Ẹgbẹ́ Àgbà mọ́. Ní oṣù Kìíní, Báyọ̀dé wá bá Tòún ní Egan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa sọ ìtàn náà fún àwọn. Tòún ní òun ti sọ ọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó bi í pé kí ni òun àti àwọn yòókù fúnra wọn ti rí nínú kírìkẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe olólùfẹ́ rẹ̀. Báyọ̀dé ronú sí i, ó ní Pírínsípà ni àwọn máa ń gbọ́. Kò ju oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé tí wọ́n ti ń san owó wo bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni gbogbo wọn ń lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Àmúsà sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn rẹ̀.

Tòún ń lọ sí pápá Àkẹsán lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Òun ló ń bá Àdíját kọ ráànù sínú ìwé, torí ó ní àwọn ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan fínnífínní. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì, Pírínsípà wá. Ó kí Tòún, Tòún kí i padà. Pírínsípà gbé àga tirẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn ju ẹ kú ọ̀sán lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ kan tó ń jẹ́ Aasiyah gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò kọjá ààlà pápá. Pírínsípà dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ráànù mẹ́fà ni, kò kanlẹ̀ rárá. Tòún ní mẹ́rin ni, ó kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kọjá. Pírínsípà ní òun rí i. Tòún ní òun náà rí i. Wọ́n pe Àdíját, Àdíját lọ wo ojú ilẹ̀, ó rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti gbẹ́ eruku, ó ní mẹ́rin ni.

Pírínsípà ní oòrùn ló wọ òun lójú.  Tòún kọ mẹ́rin síwájú orúkọ Aasiyah, ó fa ìlà sí i, ó sì yí ìwé náà díẹ̀ kí Pírínsípà lè rí i láti ibi tó jókòó sí.